Òkun Inú Pálọ̀

Ìyá mi ní, "Rájì, òkun wo ló dé Òṣogbo?"
Mo ní òkun Dókítà Láṣebìkan ni.
Ó kó lọ sí Kánádà,
ó fi òkun rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá a tún fíríjì ṣe:
àpótí gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin,
àpò iyọ̀ méjì, ẹja márùn-ún,
àti iyùn. Iyùn tó lẹ́mìí.
Kì í ṣe èyí tí a ń sín sọ́rùn;
èyí tí ń yanu lóru bí ọmọ ẹyẹ ni,
tó ń wá ohun tí yóò jẹ.

Ọ̀ṣun ń ṣàn nítòsí, kò wúlò fún un.
Omi dídùn ni, iyùn ò mọ̀ ọ́n.
Èmi ni mo ń po òkun nínú kẹ́ẹ̀gì,
mo ń fi ọmọrogùn rò ó títí iyọ̀ yóò fi yòrò.

Lóṣù àkọ́kọ́, àánú ló ṣe mí.
Mo rò pé ohun tó bá ṣáà ti ń jẹun kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo bu oúnjẹ láàárọ̀, mo bu lọ́sàn-án,
Ṣìfáwù dé láti ibi iṣẹ́, ó tún bu tirẹ̀,
kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì.
Èyí tí ẹja ò jẹ tán rà sábẹ́ òkúta,
ó di náítíréètì, ó di fọ́sífeètì,
ó di koríko omi tó gun gíláàsì,
tó bo iyùn lójú
bí oko àgbẹ̀ tó sùn gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gún ìyá mi níka
bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ọsibítù Asùbíárọ̀.
Ẹ̀rọ kékeré ka ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá.
Ṣúgà ti gun àjà.
Mo kúrò níbẹ̀, mo bu omi òkun sínú ìgò,
mo kán oògùn sí i, mo mì ín,
mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì aláwọ̀:
ó pọ́n bí osùn.

Bí inú ṣe bí mi nìyẹn.
Mo pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀,
mo ra ẹ̀rọ tí ń ré ìfófòó orí omi,
mo ń ka oúnjẹ ẹja bí owó oṣù.
Ìyá mi náà: kò síyán, kò sẹ́bà,
kò sí mílíìkì nínú tíì.
Òdo ni káàdì sọ. Mo pe Dókítà, mo ń yangàn:
"Òkun yín ti mọ́ bíi dígí."
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Rájì, iyùn ńkọ́?"

Mo lọ wò ó. Ó ti ṣá.
Egungun funfun ló kù lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́.
Inú omi mímọ́ gaara ni mo ti febi pa á.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, iná lọ ní aago mẹ́ta òru.
Mo dìde láti lọ tan jẹnẹrétọ̀
kí atẹ́gùn má baà tán nínú omi,
mo kọsẹ̀ lára ìyá mi nílẹ̀ pálọ̀,
òógùn bò ó, kò mọ orúkọ mi.
Ṣìfáwù po ṣúgà sínú ife, ó ń rò ó, ó ń rò ó,
a ń fi síbí kán an sí i lẹ́nu,
iná fóònù nìkan, ẹ̀rọ omi dákẹ́ lọ́lọ́.
Nígbà tó lajú, ó ní, "Ebi ń pa mí."

Márùn-ún ni mo ń wá báyìí, n kò wá òdo mọ́.
Ẹni tó bá bu oúnjẹ, kó fàlà sára kàlẹ́ńdà.
Ìyá mi a gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ síwájú gíláàsì,
a máa bá iyùn wí: "Jẹun o. Má yó."
Àwọ̀ ti ń padà sí ṣónṣó rẹ̀, kò tíì dé ìdí.
Ẹ̀ka kan kú pátá. Mo yọ ọ́, mo sá a sójú fèrèsé.
Ìyá mi ní kí n lu ihò sí i, òun fẹ́ sín in sọ́rùn.
Mo ní kó ní sùúrù,
kò tíì gbẹ.